Ọmọ Tí Kì Í Kí Ni: Olùkọ́ Yorùbá àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ní Ọ́tísíìmù

Ìran Yorùbá kì í fi ìkíni ṣeré. Kíkí wà fún ẹni tó jókòó àti ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń jẹun àti ẹni tó ń rìnrìn àjò, fún òjò, fún oòrùn, fún ọjà, fún ìnáwó àti fún àìsùn. Ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tó bá jí tí kò kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi léèrè pé irú ẹ̀kọ́ wo ni ó fún un. Orúkọ tí ìran yìí fún ara rẹ̀, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire, inú ìkíni ni ó ti wá. Kí ọmọ tó ka ábídí, kí ó tó mọ òǹkà, ìkíni ni ìdánwò àkọ́kọ́ tí àwùjọ ń ṣe fún un. Ọmọ tó bá yege ni wọ́n ń pè ní ọmọlúàbí. Èyí tó bá kùnà, orúkọ mìíràn ń bẹ fún un: aláìlẹ́kọ̀ọ́, ọ̀yájú, olórí kunkun.

Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ń kùnà nínú ìdánwò yìí lójoojúmọ́, àwọn ọmọ kan wà tí kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ láti kí ni. Ọ̀nà tí ọpọlọ wọn ń gbà mú ọ̀rọ̀, ariwo àti ìṣesí ènìyàn wọlé ni ó yàtọ̀. Ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ọ́tísíìmù ni ó ń bá wọn gbé. Nínú gbogbo olùkọ́ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kàn tó olùkọ́ Yorùbá. Òun ni ó ń kọ́ni ní àṣà ìkíni, òwe, àkànlò èdè, àlọ́ àti oríkì. Gbogbo ibi tí ọmọ náà ti ń fẹsẹ̀ kọ, inú iṣẹ́ olùkọ́ yìí ni ó wà. Inú iṣẹ́ kan náà ni a ó sì ti rí ohun tí a lè fi ràn án lọ́wọ́.

Kí ni ọ́tísíìmù?

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí ń ràn, kì í sì í ṣe wèrè. Bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà ni, láti ìgbà tí ó ti wà nínú oyún. Ó máa ń hàn lọ́nà méjì pàtàkì. Èkíní ni bí ọmọ ṣe ń bá ènìyàn lò pọ̀: ó lè má dáhùn nígbà tí a bá pè é, ó lè má sọ̀rọ̀ rárá, ó sì lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n kí ó má mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́ tàbí ohun tí ẹlòmíràn ní lọ́kàn. Èkejì ni àṣetúnṣe àti ìfẹ́ sí ohun kan náà: ó lè máa mi síwá sẹ́yìn, kí ó máa ju ọwọ́, kí ó máa to nǹkan ní ìlà, kí ó máa bínú bí ètò ọjọ́ bá yí padà. Ariwo, òórùn, ìmọ́lẹ̀ tàbí aṣọ tó rin ara lè dà á láàmú ju bí ó ti ń da ẹlòmíràn láàmú lọ. Méjì nínú wọn kì í rí bákan náà. Àwọn kan kì í lè wẹ̀ fúnra wọn títí wọn yóò fi dàgbà. Àwọn kan ń ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wá láti inú èdè Gíríìkì, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ara ẹni". Eugen Bleuler, oníṣègùn ọpọlọ kan ní Switzerland, ni ó kọ́kọ́ lò ó ní nǹkan bí ọdún 1911, fún ohun mìíràn. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wá kọ àpilẹ̀kọ nípa ọmọ 11 tí ó ti yẹ̀ wò, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Hans Asperger kọ tirẹ̀ ní Vienna. Láti ọdún 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìsàn òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ kan, Victor Lotter, rin ìrìn àjò lọ sí àwọn ìlú mélòó kan ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára ibi tí ó dé, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1978. Ó bá àwọn ọmọ náà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 lágbàáyé ni ó ní ọ́tísíìmù. Bí a bá fi ìṣirò yìí wo ilé-ẹ̀kọ́ girama tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó 700, a jẹ́ pé kò yẹ kí ó ya olùkọ́ lẹ́nu bí ó bá rí bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú wọn. Ọkùnrin ni wọ́n máa ń tètè rí. Ọmọbìnrin tó bá ní i sábà máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, yóò máa wo ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe kí ó tó ṣe tirẹ̀, wọn yóò sì máa yìn ín pé ó níwà pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀bi tí a di ru ìyá

Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, tí a pè é tí kò yíjú, àròyé á bẹ̀rẹ̀ nínú agboolé. Ẹnì kan á ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run ni ó ń bá ṣeré. Ẹlòmíràn á ní ìyá rẹ̀ ni kò gbọ́ràn, tó ń rìn lọ́sàn-án gangan nígbà tí ó wà nínú oyún. Ẹlòmíràn á fojú wo orogún. Wọn á gbé ọmọ lọ sórí òkè, wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo. Ìyá á gbààwẹ̀, ọmọ á mu àgbo, owó á tán. Kì í sì í ṣe àwọn tí kò kàwé nìkan ni wọ́n ń rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dókítà Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí èrò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Nàìjíríà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2009, wọ́n rí i pé àwọn kan wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gan-an tó gbà pé ọwọ́ ayé ló wà nídìí rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bú Yorùbá. Àwọn òyìnbó náà di ẹrù yìí ru ìyá. Kanner fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn òbí tí ó rí kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́nú sí ọmọ, Bruno Bettelheim sì kọ odindi ìwé ní ọdún 1967 tó fi ẹ̀bi náà ka ìyá lórí. Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbé ẹ̀bi yẹn dé sàréè. Bẹ́ẹ̀, ọdún 1964 ni Bernard Rimland, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti kọ ìwé láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ara ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìyá. Ní ọdún 1998, Andrew Wakefield tún gbé ẹ̀sùn ka abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí ó di ọdún 2010, ìwé ìròyìn Lancet tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde fagi lé e. Ohun tí ìwádìí fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àjogúnbá kó ipa tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá kò jẹ ohunkóhun, orogún kò ṣe ohunkóhun, abẹ́rẹ́ kò ṣe ohunkóhun. Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ọmọ náà.

Ìbéèrè tí kì í ṣe ìbéèrè

Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí olùkọ́ tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní agbègbè yìí yóò dá mọ̀. Ó wà ní JSS 2 ní Ìnísà. Ọ̀sán ni, òjò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Kíláàsì náà kò ní àjà, páànù ni òjò ń lù ní tààràtà, ohùn olùkọ́ kò sì jáde mọ́. Inú àwọn ọmọ yòókù ń dùn pé iṣẹ́ dúró. Ọmọ yìí ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń mi síwá sẹ́yìn, ó ń kùn. Olùkọ́ pariwo mọ́ ọn:

"Ìwọ! Ṣé ilé bàbá rẹ nìyí?"

Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní: "Rárá. Ilé bàbá mi wà lẹ́yìn ọjà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "O tún ń dá mi lóhùn? Ṣé orí rẹ pé?"

"Orí mi pé."

Pàṣán ni ó parí ọ̀rọ̀ náà.

Bí a bá wò ó fínnífínní, ìbéèrè méjì ni olùkọ́ bi í, òtítọ́ méjì ni ọmọ náà sì fi dáhùn. Kò sí èébú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í béèrè irú ìbéèrè yẹn kí a lè dáhùn rẹ̀. Ìbáwí ni, ó kàn wọ aṣọ ìbéèrè ni. Ọmọ tó kù nínú kíláàsì mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ìyá àgbà, lẹ́nu ọlọ́jà. Ohun tí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù gbọ́ ni ọ̀rọ̀ tí a sọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀la, olùkọ́ kan náà yóò kọ ọ́ sójú pátákó pé "fi àáké kọ́rí" túmọ̀ sí kí ènìyàn kọ̀ jálẹ̀, pé ẹni tó "jẹ gbèsè" kò fi nǹkan kan sẹ́nu. Yóò ṣàlàyé wọn nítorí pé wọ́n wà nínú ìwé. Ìbáwí tó wọ aṣọ ìbéèrè kò sí nínú ìwé, nítorí náà kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ rí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré méjì tó ń fa ìjà jù, "o" àti "ẹ". Kanner ti kíyè sí i láti ọdún 1943 pé àwọn ọmọ kan máa ń dá ọ̀rọ̀ padà bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ: bí wọ́n bá bi wọ́n pé "Ṣé o fẹ́ mu wàrà?", "Ṣé o fẹ́ mu wàrà?" ni wọn yóò fi béèrè wàrà náà lọ́wọ́ ìyá wọn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àṣìṣe lásán ni. Ní èdè Yorùbá, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àgbà kì í fi "ẹ" bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Nítorí náà "o" ni ọmọ náà ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, "o" náà ni yóò sì dá padà fún àgbà. Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ "o" láti ẹnu ọmọ ọdún méjìlá, ilé sì dàrú. Kò sí ẹni tó rò ó pé ọmọ náà ń sọ ọ̀rọ̀ gan-an bí a ṣe sọ ọ́ fún un.

Òdìkejì rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú. Nínú ìwé òyìnbó, ọ̀kan nínú àmì tí òbí máa ń kọ́kọ́ rí ni pé ọmọ kì í wo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọmọ tí kì í wo ojú àgbà kòrókòró ni a kọ́ dáadáa. Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lè jókòó ọdún mẹ́fà nínú kíláàsì, kí ó máa wolẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí olùkọ́ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kí ojú yẹn sì máa gba oríyìn fún un. Ohun tó yẹ kí ó ta wá lólobó ni a ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé. Ohun tó sì jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni a ń pè ní àfojúdi. Bí a ṣe ń ṣi ọmọ kan náà kà lápá ọ̀tún àti lápá òsì nìyí.

Ohun tí Òkukù lè kọ́ni

Bí ìlú kan bá wà tó yẹ kí ó mọ bí a ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Òkukù ni. Karin Barber, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlú náà ní àwọn ọdún 1970, ó sì kọ ìwé lórí oríkì àwọn ará ibẹ̀, tó jáde ní ọdún 1991. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi hàn ni pé oríkì kì í ṣe ìtàn tí a so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹyọ-ẹyọ ni. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí ó ti wá, ó sì ní ìtàn tirẹ̀ lóde oríkì. Obìnrin tó ń kì í ń ṣà wọ́n jọ bí ọjọ́ àti ènìyàn tó wà níwájú rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tí kò mọ orísun gbólóhùn kan, ariwo lásán ni yóò gbọ́.

Ẹ fi èyí wé ọmọ tó ń sọ gbólóhùn àgbọ́tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan lè máa ké pé "Ó tó àkókò fún ìròyìn" ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ lọ sílé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá bi ìyá rẹ̀, ó lè gbọ́ pé ìgbà tí rédíò bá ń ka ìròyìn alẹ́ ni bàbá ọmọ náà máa ń wọlé. Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Ó ní ìtumọ̀. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ni kò mọ ìtàn rẹ̀. Ìran tó bá lè jókòó gbọ́ oríkì láti àárọ̀ dé alẹ́, tó ń bi àgbà léèrè pé "kí ló fa ọ̀rọ̀ yìí?", kò yẹ kí ó pe ọmọ tó ń fi ọ̀rọ̀ àyálò sọ̀rọ̀ ní dìndìnrìn.

Ẹ̀bùn mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé etí àwọn kan nínú àwọn ọmọ yìí mú gan-an láti mọ ìyàtọ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sá fún àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ń rú wọn lójú. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí kò lè kí ni yìí jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú kíláàsì tí kì í ṣì wọ́n fi sí. Olùkọ́ tí kò bá wádìí kò ní mọ̀.

Ilé-ìwé oko kan

Ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn ni Donald Triplett. Wọ́n bí i ní ọdún 1933 ní Forest, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tí kò tó Ìkìrun rárá. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan, wọ́n sì gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, wọ́n lọ gbé ọmọ wọn. Ní ọdún 1938 ni wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Kanner.

Nígbà tó yá, wọ́n fi í sọ́dọ̀ tọkọtaya àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ìlú. Donald kò lè ṣe kí ó má wọn nǹkan, kò sì lè ṣe kí ó má kà nǹkan. Àgbẹ̀ náà kò nà án. Ó ní kí ó gbẹ́ kànga, kí ó sì máa sọ bí ó ṣe jìn tó. Nígbà tí ó rí i tí ó ń ka ebè àgbàdo lákàtúnkà, ó ní kí ó máa kà wọ́n bí ó ti ń fi ẹṣin túlẹ̀ wọn. Kanner lọ wò wọ́n lóko, ó sì ròyìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu. Ó tún ròyìn pé ilé-ìwé ìgbèríko tí ọmọ náà ń lọ gbà á pẹ̀lú gbogbo ìṣesí rẹ̀. Donald parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Forest, ó gba oyè yunifásítì nínú èdè Faransé ní ọdún 1958, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rìnrìn àjò dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó kú ní ọdún 2023 ní ẹni ọdún 89, nínú ìlú tí wọ́n ti bí i.

Òtítọ́ ni pé àwọn òbí rẹ̀ lówó lọ́wọ́, pé ìdílé rẹ̀ ní ìpín nínú báńkì náà. Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò di Donald. Àwọn kan kò ní sọ̀rọ̀ láéláé. Àwọn kan ní wárápá pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn kan nílò olùkọ́ kan fún ọmọ kan, èyí tí kíláàsì ọlọ́pọ̀ èrò kò lè fún wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó sọ àṣejù ọmọ di iṣẹ́ kò kàwé nípa ọ́tísíìmù, ilé-ìwé oko tó gbà á kò ní ẹ̀rọ kankan. Ohun tí wọ́n lò kò wọ́n ní Ìnísà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Ní Èkó, a ti ń rí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àkànṣe. Arábìnrin Dotun Akande, tí ọmọ tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní ọdún 2006. Ní Àbújá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ọ́tísíìmù, Kanyeyachukwu Tagbo-Okeke, ya àwòrán tí ìwé Guinness kọ sílẹ̀ ní ọdún 2025 gẹ́gẹ́ bí àwòrán orí aṣọ tó tóbi jù lọ láyé. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n Ìkẹjà jìnnà sí Òkukù, owó ilé-ẹ̀kọ́ àdáni sì jìnnà sí àpò ọ̀pọ̀ òbí. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè yìí, olùkọ́ ni ẹni tó kàwé tí yóò kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò wọ́n. Kí ni ó lè ṣe?

Èkíní, kí ó jẹ́ kí ọjọ́ ní ìlà. Kí ó kọ iṣẹ́ ọjọ́ náà sí igun pátákó, pẹ̀lú àwòrán bí ó bá ṣeé ṣe, kí ó máa pa ohun tó bá ti parí rẹ́. Bí àpéjọ òwúrọ̀ yóò bá pẹ́, tàbí tí olùkọ́ mìíràn yóò bá wọlé, kí ó sọ fún ọmọ náà ṣáájú.

Èkejì, kí ó mú un jókòó síwájú, kí ó jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí títì àti sí ibi tí aago ilé-ìwé wà. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sórí páànù, kí àyè wà fún un láti di etí tàbí láti lọ jókòó níbi tó dákẹ́ díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìkẹ́bàjẹ́. Ẹni tí ariwo ń gún bí abẹ́rẹ́ kò lè kàwé.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tààrà. "Jókòó. Ṣí ìwé rẹ" dára ju "Ṣé o kò rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń ṣe ni?" lọ. Kí ó pa àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì dúró. Èsì lè pẹ́ kí ó tó jáde. Orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà ni kí ó fi pè é. Ọmọ kan lè ní orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sáláṣí, orúkọ ilé àti oríkì. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ yìí mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ́ ọ ní ìkíni bí ó ṣe ń kọ́ni ní ìṣirò, ní ìpele-ìpele: ẹni tí a ń kí, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ, bí ara ṣe ń ṣe, àti ìgbà tí ó tó. Bí ọmọ bá lè sọ "Ẹ káàárọ̀, sà" láìdọ̀bálẹ̀, kí ó gbà á fún un. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni ó lè gbé sókè, kí ó gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe. Kí àwọn ọmọ ya ohun tí òwe sọ sí apá kan ojú ìwé, kí wọ́n kọ ohun tí ó túmọ̀ sí sí apá kejì. Gbogbo kíláàsì ni yóò jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó wá ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn, kí ó gba ibẹ̀ wọlé. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí òkè ọya gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá. Bí ọmọ kan bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rélùwéè nìkan ni ó mọ̀, kí àròkọ rẹ̀ dá lórí rélùwéè, kí ó fi ka òǹkà Yorùbá, kí ó to orúkọ àwọn ibùdókọ̀ pẹ̀lú àmì ohùn wọn. Ebè àgbàdo Donald nìyẹn.

Ẹ̀kẹfà ni ọ̀rọ̀ pàṣán. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti kún, tó ń sunkún, tó ń fi orí gbá tábìlì, kò ṣe orí kunkun. Ẹgba kò lè kọ́ ọ ní ohun tí kò yé e. Ẹ̀rù olùkọ́ ni yóò kọ́ ọ, olùkọ́ náà yóò sì ti pàdánù rẹ̀. Kí ó dá àwọn tó ń fi í ṣe ẹlẹ́yà lẹ́kun, kí ó sì wá akẹ́kọ̀ọ́ onísùúrù kan tí yóò máa bá a rìn.

Ìkeje, kí ó bá òbí sọ̀rọ̀, kí ó má sì sọ pé "ọmọ yín kò pé". Kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń rí nílé, kí ó tọ́ wọn sọ́nà ilé-ìwòsàn. Kì í ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láti fún àìsàn lórúkọ. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́-ìṣègùn wà ní Òṣogbo àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Ìbàdàn, Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó kan sílẹ̀ ní ọdún 2011 fún ẹ̀kọ́ nípa ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Òfin kò sì dákẹ́. Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàsọ́tọ̀, pé ọ̀fẹ́ ni títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Láti ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni láti béèrè pé níbo ni tiwọn wà.

Kí òṣìṣẹ́ yẹn tó dé, ìbéèrè kan kù tí olùkọ́ Yorùbá nìkan ló lè dáhùn: kí ni a ń pè ní ọmọlúàbí? Bí ó bá jẹ́ ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ni, ọ̀pọ̀ olè ló mọ ìdọ̀bálẹ̀. Àwọn àgbà kò sọ pé ìkíni lẹwà. Ìwà ni wọ́n ní ó lẹwà. Ọmọ tí kì í purọ́, nítorí pé kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń pa á. Tí kì í jí lápá ẹlòmíràn. Tí a rán níṣẹ́ tó sì jẹ́ ẹ gan-an bí a ṣe rán an, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́ tí ìkíni kò lè fún ẹlòmíràn. Ìkíni ni yóò pẹ́ kí ó tó mọ̀. Kí olùkọ́ ṣe sùúrù fún un títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n láéláé, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà, ìjókòó rẹ̀ ṣì wà níwájú, ọmọ ilé-ìwé ni.